Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Kò Mọ Ààlà: Ìrìn Àjò Mi sí Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Ìrìn ni mo rìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, kì í sì í ṣe ìrìn fàájì. Ìwé kan ló gbé mi dìde. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló ní kí ọmọ rẹ̀ bá òun kọ ọ́, láti agbègbè Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ìwé náà kò gùn. Ó ní kànga kan wà lẹ́yìn ilé òun. Bí òjò bá ti rọ̀ tó rọ̀, omi rẹ̀ a máa rùn bí bẹntiróòlù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òórùn náà a lọ. Ó ní ilé epo kan ti wà nítòsí òun rí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tì í pa. Ó wá bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé kí n máa mu ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni, àbí kí n dí i pa pátápátá?"

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ká sọ òótọ́, ìbéèrè yìí ju ohun tí èèyàn lè jókòó sórí àga dáhùn lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú, kó dìde lọ wò ó. Ni mo bá gbé àpò mi kọ́ èjìká, ó di Òṣogbo.

Láti Òṣogbo, mo wọ mọ́tò tó ń gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ọ̀nà náà kò jìn rárá. A kọjá ní Òkínní, ìyá kan tó gbé agbọ̀n ata lé ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn fún mi. Kó tó sọ ọ́ parí, a ti dé agbègbè Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Ìlobùú sì ti yọ. Òrùlé páànù tó ti pupa, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ìsọ̀ télọ̀, ìsọ̀ fọkanáísà, èlùbọ́ tí wọ́n sá sí ẹ̀bá títì, gbogbo rẹ̀ tò lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi mí pé níbo ni Ìlobùú ti parí, níbo ni Ìfọ́n ti bẹ̀rẹ̀? Àlejò tí kò bá béèrè kò lè mọ̀. Ògiri ilé ìlú kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ògiri ilé ìlú kejì.

Bẹ́ẹ̀ ìlú méjì ni wọ́n o. Olóbùú ni ọba Ìlobùú, Olúfọ́n ni ọba Ìfọ́n. Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n ni ti ìjọba ìbílẹ̀ Òrolú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún orúkọ yẹn pè: Ìrẹ́pọ̀dùn. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ mọ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ le ní agbègbè náà. Ẹ̀mí lọ, ilé jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, ní Ìlobùú àti ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. N kò wá ṣe adájọ́ o. Ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tí kò ni ín, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ohun tí mo wá wò wà lábẹ́ ilẹ̀ náà.

ERIN TÓ WỌLẸ̀

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́, mo ní kí ọlọ́kadà kan kọ́kọ́ gbé mi yà lọ sí ẹ̀bá odò Erinlẹ̀. Èèyàn kì í dé Ìlobùú kó má béèrè Erinlẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ sọ pé ọdẹ pàtàkì ni, ọ̀rẹ́ ẹni tó tẹ ìlú dó, pé nígbà tó yá ó wọ ilẹ̀ lọ, ó sì di odò. Odò náà ń ṣàn lọ títí ó fi lọ pàdé Ọ̀ṣun nítòsí Ẹdẹ. Mo dúró lẹ́bàá omi náà, mo ń wò ó. Mo ní àwọn baba wa mọ ohun kan tí àwa ń gbàgbé: ohun tó bá wọ ilẹ̀ lọ kò parẹ́. Ó lè tún yọ jáde nínú omi.

ILÉ EPO TÓ TI KÚ

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ jáde pàdé mi tòun ti ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá oníwèé ìròyìn. Háà, ẹ̀yin gan-an lẹ wá? Mo rò pé ẹ máa kàn fi èsì sínú ìwé ni."

"Màmá, mo ní kí n wá fojú ara mi rí i."

Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó ju dúrọ̀ sí kànga, ó fa omi. Ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Mo tẹ orí ba. Lóòótọ́ ni, ó ń rùn. Kò le, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, bí aṣọ mẹkáníìkì tí wọ́n fọ̀ tán tí òórùn ẹ̀ńjìnnì kò kúrò lára rẹ̀. Lójú omi náà, mo rí àwọ̀ bí òṣùmàrè, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan níbí. Kì í ṣe gbogbo òṣùmàrè ojú omi ni epo. Omi tí irin ilẹ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀ náà a máa ní irú àwọ̀ yẹn. Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ rèé: ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan rò ó. Bó bá fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ̀fọ́ àwo, tí kò padà lẹ̀, irin ilẹ̀ lè ni. Bó bá pínyà tó tún sáré padà pọ̀, epo ni kí ẹ fura sí. Mo fi igi rò ti ìyá yìí. Ó pínyà, ó tún padà pọ̀.

Ìyá na ọwọ́ sí òdìkejì. Ilé epo náà rèé. Òrùlé rẹ̀ ti dípẹtà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo ti lọ, ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí mọ́tò ń tò sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n irin róbótó mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀, tí koríko ti bo ìdajì wọn. Ẹnu táǹkì ni. Ilé epo ti kú lóòótọ́, wọn kò sì gbé òkú rẹ̀ jáde nílẹ̀.

N kò ní sọ bóyá apá Ìlobùú ni ilé epo wà, bóyá apá Ìfọ́n ni. Ẹ sáà mọ̀ pé ó wà ní apá kan, ilé ìyá ẹlẹ́lùbọ́ sì wà ní apá kejì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dun ìyá yìí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní:

"Bàbá, àwọn kan ti ń sọ fún mi pé ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ dà á sí i lóru, nítorí ìjà tó kọjá. Èmi ò gbà wọ́n gbọ́. A jọ ń nájà ni. Ṣùgbọ́n n kò ní ohun tí mo lè fi já wọn nírọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí mo gbọ́ èyí ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kànga yìí ti kọjá omi mímu. Bí a kò bá wọn omi náà, irọ́ ni yóò máa wọn ọ̀nà fún wa.

OKÙN ÀTI RỌ́BÀ BÍRÍKÌLÀ

Ìyá ránṣẹ́ pe bàbá agbẹ́kànga kan, ará apá ibi tí ilé epo wà. Bàbá yìí ti fi dìgà gbẹ́ kànga fún ìlú méjèèjì, ó sì mọ inú ilẹ̀ wọn bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀. Mo bi í pé kí ló wà nísàlẹ̀.

"Ilẹ̀ pupa lẹ máa kọ́kọ́ kàn," ni bàbá wí. "Lẹ́yìn rẹ̀, amọ̀. Lẹ́yìn amọ̀, òkúta tó ti jẹrà, tó dà bí yanrìn. Ibẹ̀ lomi wà. Bẹ́ẹ bá kọjá ibẹ̀, àpáta ni, àfi bẹ́ẹ bá bá ojú ibi tó sán pàdé."

Bí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣe wí náà nìyẹn. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ọ̀ṣun, orí àpáta àtayébáyé ló wà. Omi kànga wa wà nínú awọ àpáta tó ti rà àti nínú ibi tí àpáta ti sán. Omi náà kò dúró sójú kan. Ó ń rìn, díẹ̀díẹ̀, láti ibi tó ga lọ sí ibi tó rẹlẹ̀. Bí ibi tó sán bá sì fà á, ó lè gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rò.

Mo bi bàbá pé ṣé a lè mọ ibi tí omi yìí ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n lọ bá òun ya rọ́bà funfun gbọọrọ tí bíríkìlà fi ń mú ìpìlẹ̀ ilé dọ́gba. Ẹ̀yin bíríkìlà tó ń kà mí, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹ bu omi sínú rọ́bà, ẹ gbé orí kan síbí, ẹ gbé orí kejì sọ́hùn-ún, ojú omi orí méjèèjì á dọ́gba. Bàbá fi rọ́bà yìí wo bí ẹnu kànga mẹ́ta ṣe ga ju ara wọn lọ. Kànga kan wà lókè ilé epo, ọ̀kan wà nítòsí rẹ̀ gan-an, ti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ni ìkẹta. Lẹ́yìn náà ó so òkúta mọ́ okùn, ó jù ú sínú kànga kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ojú omi, ó di kókó sí i, ó wọ̀n ọ́n.

A ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ìyá. Omi inú kànga tó wà lókè ilé epo ló ga jù. Èyí tó wà nítòsí ilé epo tẹ̀lé e. Ti ìyá ló rẹlẹ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí rèé tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta, ó kéré tán: kànga méjì kò lè sọ ibi tí omi kọjú sí, bí ìgbà tí èèyàn kò lè fi òkúta méjì gbé ìkòkò kaná. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

A kò dúró níbẹ̀ o. Bàbá tún tẹ̀ síwájú, ó wọn ilé méjì mìíràn nísàlẹ̀ ilé ìyá. Omi tún rẹlẹ̀ sí i. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ni kànga àwọn ilé ìsàlẹ̀ yẹn? Ará apá ibi tí ilé epo wà náà ni! Ilẹ̀ yí po níbẹ̀, ààlà sì yí pẹ̀lú rẹ̀. Bí nǹkan bá ń jò láti inú táǹkì yẹn, yóò kúrò lápá kan, yóò gba abẹ́ ilé ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kọjá, yóò sì tún padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn apá tó ti wá. Ó gé ààlà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì béèrè lọ́wọ́ ọba kankan.

Gbogbo ará ibẹ̀ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá agbẹ́kànga ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ta ló wá fẹ́ da epo sínú omi ọmọ ara rẹ̀?"

BÍ EPO ṢE Ń RÌN LÁBẸ́ ILẸ̀

Ó ṣe jẹ́ pé ìgbà òjò ni òórùn ń wá? Ẹ fọkàn bá mi lọ. Bí táǹkì bá jò, bẹntiróòlù á máa rìn lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi kan omi. Ó fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà orí rẹ̀ ló ń léfòó sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi abẹ́ ilẹ̀ á lọ sílẹ̀, epo á bá a lọ sílẹ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bó ti ń lọ, bí epo pupa ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò. Nígbà tí òjò bá dé, omi á gòkè padà, á tún fọ epo tó ti lẹ̀ yẹn. Òórùn á dé. Nítorí náà, bí kò bá rùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò túmọ̀ sí pé ó ti lọ. Ó lè jẹ́ pé ó sá pamọ́ ni.

Èyí tó burú jù kò sì léfòó rárá. Àwọn èròjà kan wà nínú bẹntiróòlù tó ń yòrò sínú omi. Èyí tí wọ́n bẹ̀rù jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní benzene. Ẹni tó bá ń mu ún fún ìgbà pípẹ́, ó lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan. Kí nìyẹn? Ẹ mú gíráàmù kan, ẹ pín in sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, kí ẹ wá mú 10 nínú rẹ̀. Bí a bá ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún bẹntiróòlù jẹ́ benzene, lítà bẹntiróòlù kan péré ní èyí tó lè ba nǹkan bí 700,000 lítà omi jẹ́ dé ìwọ̀n yẹn. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó 28,000 nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ ni benzene lè kọjá ìwọ̀n nínú omi kí imú má sì gbọ́ ọ. Imú kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ sì gbọ́ èyí, ẹ̀yin ìyá: sísè kò pa epo. Álọ́ọ̀mù kò pa á. Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi kò pa á. Bí ẹ bá sè é, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á kún ilé ìdáná yín, ẹ̀ ń fi imú mu ohun tí ẹ kò fẹ́ fi ẹnu mu.

BARUWA ÀTI OGALE

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àlá ni mò ń sọ, kó béèrè Baruwa lọ́wọ́ ará Èkó. Ìpájà ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ọ̀pá epo NNPC gba abẹ́ ilẹ̀ wọn kọjá. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni epo ti jò sínú omi wọn. Ẹni tó gbẹ́ kànga, epo ló ń fà. Ó lé ní ogún ọdún tí àwọn èèyàn ibẹ̀ fi ń ra omi tí wọ́n ń mu, nígbà tí kànga wà lẹ́yìn ilé wọn. Ẹni tó kọ́lé sí ibẹ̀ kò rí omi, bẹ́ẹ̀ ni ta ló fẹ́ ra ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ogale tún wà, nílẹ̀ Ògóní, ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ní benzene tó wà nínú omi kànga tí àwọn èèyàn ń mu ní Ogale fi ìgbà tó lé ní 900 ju ìwọ̀n WHO lọ. Níbì kan, wọ́n rí epo tí wọ́n ti fọ̀ tó léfòó sórí omi abẹ́ ilẹ̀, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹ na ọwọ́ yín, ẹ wo ìbú àtẹ́lẹwọ́ láìka àtàǹpàkò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì ní kí ilẹ̀ Ògóní tó padà bọ̀ sípò, ó lè gbà tó ọdún 25 sí 30.

Báwo ni UNEP ṣe mọ̀? Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí. Wọ́n gbẹ́ kànga 142 tí kì í ṣe fún mímu rárá. Kànga ìṣọ́ ni. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ojú wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ ni wọ́n ń rì sínú ilẹ̀, wọn á dé e lórí, wọn á fi àgádágodo tì í. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí wọ́n máa bu omi inú rẹ̀ lọ wò. Ọ̀kan máa ń wà lókè ibi tí wọ́n fura sí, láti mọ bí omi ṣe rí kó tó débẹ̀. Àwọn tó kù máa ń wà nísàlẹ̀, láti mọ ohun tó bá a lọ. Wọn á bù ú nígbà òjò, wọn á bù ú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́dọọdún, títí wọn yóò fi mọ̀ bóyá ìdọ̀tí náà ń pọ̀ sí i, àbí ó ń dín kù. Nítorí ó lè dín kù o. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí wà nínú ilẹ̀ tó ń jẹ epo, bí wọ́n bá rí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n nìkan ló lè búra pé ó ń dín kù.

Àwọn Amẹ́ríkà náà kò yọ sílẹ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n ṣòfin lórí táǹkì epo abẹ́ ilẹ̀. Láti ìgbà náà, táǹkì tí wọ́n ti rí i pé ó jò níbẹ̀ lé ní 500,000. Irin ni irin ń jẹ́, ibi gbogbo ni ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́.

ÈSÌ FÚN ÌYÁ ẸLẸ́LÙBỌ́

Nígbà tí mo padà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá, ó gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì síwájú mi. Mo bi í pé omi wo ló fi rò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní omi tí òun rà ni. Mo jẹun, mo yó, mo wá fún un ní èsì tí mo ti bá wá.

Mo ní, Màmá, ẹ má mu ún nígbà òjò, ẹ má sì mu ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má fi wẹ̀, ẹ má fi sè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan iná tàbí mu sìgá lẹ́bàá rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọkọ́mọ kó sínú rẹ̀ láti wá dúrọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ epo a máa pa èèyàn nínú kànga kó tó pariwo.

Ṣùgbọ́n ẹ má dí i pa. Ẹ dé e, ẹ tì í. Kànga yẹn ni ẹlẹ́rìí yín. Bí ẹ bá dí i, ẹ ti pa ẹlẹ́rìí kí ẹjọ́ tó dé kóòtù.

Ẹ mú un dé yàrá àyẹ̀wò. Yunifásítì wà ní Òṣogbo, ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti lè wo benzene nínú omi, nítorí kì í ṣe gbogbo yàrá àyẹ̀wò ló ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ìgò oníjíńjì tó mọ́ ni kí ẹ bù ú sí, kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé epo rí. Ẹ bù ú kún dé ẹnu, kí afẹ́fẹ́ má sí nínú rẹ̀, nítorí benzene a máa sá lọ. Ẹ dé e pinpin, ẹ kó o sínú yìnyín, ẹ gbé e débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ bu ti kànga òkè ilé epo náà, ẹ bu ti àwọn ilé ìsàlẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí èsì bá dé, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká, ní Òṣogbo, kí ẹ sì kọ sí NMDPRA, àjọ tí òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 gbé kalẹ̀, tó ń mójú tó ilé epo. Ẹ béèrè ohun méjì péré: kí wọ́n yọ táǹkì tó wà nílẹ̀ yẹn, kí wọ́n sì rì kànga ìṣọ́ yí ibẹ̀ ká. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé yín pamọ́.

Ìyá ní, "Ta ló máa sanwó àyẹ̀wò? Èlùbọ́ mélòó ni mo fẹ́ tà?"

Kí n tó dáhùn, bàbá agbẹ́kànga dá a lóhùn. Ó ní kí àwọn ilé márùn-ún tí okùn òun kàn lónìí dá a jọ. Ilé márùn-ún yẹn, wọ́n pín sí ìlú méjèèjì. Ẹnìkan ní ìkùnkùn pé òun kò lè bá àwọn kan dá owó. Bàbá wò ó, ó ní, "O ti ń bá wọn mu omi kan náà. Ṣé owó ló wá le jù?" Kò sí ẹni tó fèsì.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, èmi kò gbàgbé yín o. Ọ́ìlì tó ti kọ̀ndẹ́ẹ̀mù tí ẹ ń dà sílẹ̀ lábẹ́ igi, ọ̀nà kan náà ló ń gbà lọ. Ẹ wá dúrọ́ọ̀mù kan, ẹ máa gbè é sínú rẹ̀; àwọn tó ń rà á wà. Ẹ̀yin tó ń ra ilẹ̀, bí wọ́n bá fi ilẹ̀ tí ilé epo ti wà rí lọ̀ yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ béèrè táǹkì kí ẹ tó béèrè ìwé. Bí ara ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo wọ mọ́tò padà sí Òṣogbo. Mo bojú wẹ̀yìn. Mo rí bàbá agbẹ́kànga tó ń ká rọ́bà bíríkìlà, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ sì di orí kejì rẹ̀ mú, wọ́n jọ ń fà á kó má baà wọ́ nílẹ̀. Ará ìlú kan wà lórí kan, ará ìlú kejì wà lórí kejì, omi inú rẹ̀ sì dọ́gba.

Ẹni tó bá ní ilé epo tó ti kú ládùúgbò tirẹ̀, tàbí kànga tó ń rùn, kó kọ̀wé sí wa. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n kọ. A ó kà á. Ó tún di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ire o.